Àìsàn Ni Kò Gbóògùn, Kì Í Ṣe Aláìsàn

Bí dókítà bá sọ pé àìsàn ẹ̀dọ̀fóró kan kò ṣeé wò sàn, ohun tí ẹ ó máa gbọ́ lẹ́nu ẹbí ni pé, “Wọ́n ní kò gbóògùn mọ́, ká máa gbé Bàámi lọ sílé.” Àṣìlò ọ̀rọ̀ nìyẹn, ó sì ń fìyà jẹ aláìsàn.

Ẹ jẹ́ ká ya “wò sàn” àti “tọ́jú” sọ́tọ̀. A wo ènìyàn sàn nígbà tí àrùn bá kúrò lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n a ń tọ́jú ọmọ tuntun, a ń tọ́jú àgbàlagbà, a sì ń tọ́jú àlejò, bẹ́ẹ̀ ara wọn le. Ìwòsàn lè dópin, kí ìtọ́jú máa bá a lọ.

“Gbóògùn” náà ń fẹ́ àlàyé. Jẹjẹrẹ tó ti tàn nínú ẹ̀dọ̀fóró lè má gbóògùn, àmọ́ ìrora gbóògùn. Bí aláìsàn bá ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ṣeé dẹ̀ fún un: fáànù kékeré tí a kọjú rẹ̀ sí i, ìjókòó tó fi tẹ̀ síwájú gbára lé tábìlì, àti mọfíìnì ìwọ̀n kékeré bí dókítà bá rí i pé ó yẹ. Iṣẹ́ àwọn onítọ̀ọ́jú amáratuni nìyẹn. Ẹ̀ka wọn wà ní ilé ìwòsàn UCH, n'Ìbàdàn.

Àṣìlò kejì ni kí a máa pe ìtọ́jú amáratuni ní ìtọ́jú ẹni tó ń kú lọ. Ní 2010, àwọn olùwádìí ní Boston, l'Amẹ́ríkà, gbé àbájáde ìwádìí wọn jáde lórí aláìsàn 151 tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró wọn ti tàn. Àwọn tó tètè gba ìtọ́jú yìí pẹ̀lú ìtọ́jú jẹjẹrẹ, ara tù wọ́n ju àwọn yòókù lọ. Wọ́n sì pẹ́ láyé jù wọ́n lọ: nǹkan bí oṣù 11 àti ààbọ̀ ní ìwọ̀n àárín, nígbà tí ti àwọn yòókù jẹ́ nǹkan bí oṣù 9.

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ẹ má sọ pé, “Dókítà ti já Bàámi sílẹ̀.” Ẹ sọ pé, “Dókítà fà wọ́n lé àwọn onítọ̀ọ́jú amáratuni lọ́wọ́.” Bí dókítà kò bá sì dá a sọ, ẹ bi í pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló lè bá wa mú kí ara tu Bàámi?” Ẹ tètè béèrè, nígbà tí bàbá ṣì lè fẹnu ara wọn sọ ohun tí wọ́n ń fẹ́.