Oúnjẹ Ọ̀nà Jíjìn

Bàbá àti ọmọ rẹ̀ méjì fẹ́ fi ẹsẹ̀ lọ sí oko tó jìn. Ọjọ́ 2 ni wọn yóò fi rìn.

Àbúrò ní: «Ìyá, ẹ di ọbẹ̀ fún wa.»

Ìyá ní: «Ọbẹ̀ wúwo. Yóò kan kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́.»

Ìyá gbé gààrí jáde. Gààrí gbẹ, kì í tètè bàjẹ́, kò sì fẹ́ iná.

Ènìyàn 3 yóò jẹun lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Ife kan ló tó ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀gbọ́n bu ife 12 sínú àpò. Ìyá fi kúlíkúlí àti ẹ̀pà yíyan sí i.

Bàbá bèèrè: «Omi ńkọ́?»

Gbogbo wọn dákẹ́. Gààrí kò ṣeé mu láìsí omi! Àbúrò sáré lọ bu omi mímọ́ kún akèrègbè.

Ìbéèrè
1. Kí ló dé tí Ìyá kò fi di ọbẹ̀?
2. Bí ènìyàn 4 bá ń lọ, ife mélòó ni wọn yóò bù?