Ta Ni Ẹsẹ̀ Òtítọ́? Ìtàn Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní Èdè Yorùbá

Àwọn kan a máa sọ pé àjèjì ni ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ nínú lítíréṣọ̀ wa. Lóòótọ́, Edgar Allan Poe ti Amẹ́ríkà ti kọ irú rẹ̀ ní 1841, Conan Doyle sì gbé Sherlock Holmes jáde ní 1887. Ṣùgbọ́n ẹni tó yá ìlù lè jó ijó ilé bàbá rẹ̀ sí i. Èyí ni mo fẹ́ fi iṣẹ́ Ọládẹ̀jọ Òkédìjí àti ti Kọ́lá Akínlàdé ṣàlàyé.

(1) Ìwádìí láyé àtijọ́

Yorùbá gbà pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òwe náà kò sọ ẹni tí yóò bá òtítọ́ sáré. Tẹ́lẹ̀ rí, bí nǹkan bá sọnù, a lè dá Ifá, a sì lè fi irin Ògún búra. Ẹ̀rù ìbúra a máa mú ẹlòmíràn jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ní Òtù, ìlú mi ní Òkè-Ògùn, àwọn ọdẹ mọ ọ̀nà mìíràn. Koríko tó tẹ̀, ìgbẹ́ tó ṣì tutù àti ipasẹ̀ lórí iyẹ̀pẹ̀ ni yóò sọ ibi tí ẹtu gbà fún wọn. Títọpasẹ̀ báyìí gan-an ni iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Ohun tí ìtàn tuntun yìí ṣe ni pé ó gbé ẹ̀rí lékè ìbúra.

(2) Lápàdé

Ọdún 1929 ni a bí Òkédìjí ní Ọ̀yọ́. Ó di olóògbé ní 2019. Àjà Ló Lẹrù jáde ní 1969, Àgbàlagbà Akàn tẹ̀ lé e ní 1971. Lápàdé, ọlọ́pàá tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ni akọni ìwé méjèèjì. Tafá Ìgìrìpá ni igbákejì rẹ̀. Kì í ṣe ká ṣáà mọ ọ̀daràn ló ń dùn mọ́ni níbẹ̀, bí kò ṣe bí a ó ṣe mú un: eré sísá, ìjà, ọgbọ́n àrékérekè, òwe àti ọ̀rọ̀ apanilẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ ká bi ara wa: èé ṣe tí ẹni tó ti fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ fi ń ṣe ohun tí àwọn mìíràn ń gba owó oṣù lé lórí? Ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí ìwé àkọ́kọ́ jáde. Ní 1970, ìjọba ológun ṣòfin pé ikú ni èrè adigunjalè. Ẹ̀rù ń ba ará ìlú. Wọ́n ń fẹ́ ẹni tí wọn yóò gbọ́kàn lé. Lápàdé ni Òkédìjí fi dá wọn lóhùn.

(3) Akin Olúṣínà

Ọ̀nà ti Akínlàdé yàtọ̀. Nínú Owó Ẹ̀jẹ̀ (1976), Akin Olúṣínà ń ṣa ẹ̀rí jọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwa òǹkàwé náà sì ń bá a ṣírò. Èdè rẹ̀ rọrùn, nítorí kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ dídùn bo ẹ̀rí mọ́lẹ̀. Àkọlé ìwé rẹ̀ mìíràn, Ta Ló Pa Ọmọ Ọba?, jẹ́ ìbéèrè fúnra rẹ̀.

(4) Àfiwé

Ní Norway, Jo Nesbø bẹ̀rẹ̀ ìtàn Harry Hole ní 1997. Ọlọ́pàá ìlú Oslo ni Hole. Ọtí ń dà á láàmú, òun àti àwọn ọ̀gá rẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ rẹ́. Òun náà ń mú wa béèrè bóyá àwọn tó ń ṣọ́ òfin kájú rẹ̀. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni Lápàdé fi ṣáájú rẹ̀. Kálukú ń fi ìtàn yìí wọn àwọn olùṣọ́ ìlú tirẹ̀ wò.

Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ ká ka àwọn ìwé wọ̀nyí sí eré ìpawọ́dà lásán. Òtítọ́ kì í dá rìn. Ènìyàn ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwa tí a ń kọ́ Yorùbá lónìí, ta ni nínú wa yóò kọ ìtàn ọdẹ Òkè-Ògùn tó tọpasẹ̀ olè dé ilé aláṣẹ?