Má Pa Ariwo, Pa Okùn Lẹ́nu Mọ́

Bí olórí ẹgbẹ́ olórin bá kọjú sí onígìtá rẹ̀, tó ní, "Pa ariwo okùn yẹn," kí ni kí onítọ̀hún ṣe? Bó bá gbọ́ Yorùbá dáadáa, ńṣe ni yóò túbọ̀ jẹ́ kí okùn náà ké. *Pa* inú *pa iná* kọ́ ló wà nínú *pa ariwo*. Bí a bá pa iná, iná kú. Bí a bá pa ariwo, ariwo sọ ni. Ìbátan *pa* yìí ni èyí tó wà nínú *pa òwe*, *pa àlọ́* àti *pa àtẹ́wọ́*: gbogbo wọn ló ń mú ìró jáde, ì báà jẹ́ láti ẹnu tàbí láti ọwọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí okùn gìtá dákẹ́, kó má pa ariwo rẹ̀ o. Okùn náà gan-an ni kó pa lẹ́nu mọ́.

Gìtá sítíìlì ni mo fẹ́ fi ṣe àlàyé tòní, nítorí iṣẹ́ ńlá nínú títa rẹ̀ ni kí a mọ bí a ṣe ń pa okùn lẹ́nu mọ́. Erékùṣù Hawaii ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìparí ọ̀rúndún 19, Joseph Kekuku sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ó dá a sílẹ̀. Wọ́n á tẹ́ gìtá sórí itan, wọ́n á mú irin dání, wọ́n á máa fi irin náà fa ohùn lórí okùn, dípò kí wọ́n fi ìka tẹ okùn mọ́ ọrùn gìtá. Nígbà tó dé Amẹ́ríkà, wọ́n gbé e kalẹ̀ lórí ẹsẹ̀ bíi tábìlì, wọ́n sì fi pẹ́dáàlì sí i. Àwọn olólùfẹ́ jùjú mọ ohùn rẹ̀ dáadáa: Demola Adepoju ló ta á nínú àwo *Juju Music* tí King Sunny Adé gbé jáde ní 1982 àti *Synchro System* ti 1983. Òun náà ló tún ta á nínú orin *Graceland* tí Paul Simon gbé jáde ní 1986.

Dún kọ́ ni dùn

*Dún*, olóhùn òkè, ni pé nǹkan mú ìró jáde. *Dùn*, olóhùn ìsàlẹ̀, ni pé ìró ọ̀hún wọ etí. Okùn mẹ́wàá ló sábà máa ń wà lórí gìtá sítíìlì onípẹ́dáàlì, onígìtá sì lè má ta ju méjì tàbí mẹ́ta lọ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tí kò ta náà kò gbà kí wọ́n yọ àwọn sílẹ̀: bí irin bá ti fọwọ́ kàn wọ́n báyìí, wọ́n á fẹ́ dá sí i. Gbogbo okùn ló dún, gbogbo wọn kọ́ ló dùn. Ẹni tó bá kọ ọ̀rọ̀ méjèèjì láìfi àmì sí i kò jẹ́ ká mọ̀ bóyá ó ń yin gìtá ni àbí ó kàn ń ròyìn.

Ẹ tún ṣọ́ ohun tó ń tẹ̀ lé *dùn*. "Orin náà dùn mọ́ mi" ni pé mo gbádùn rẹ̀. Bí *mọ́* bá já bọ́, tó wá di "Orin náà dùn mí," ìbànújẹ́ ni mo ń sọ.

Irú ariwo, irú ọ̀rọ̀

Ohunkóhun tí etí bá gbọ́, *ìró* ni. *Ohùn* ni ìró tó mọ ibi tó dúró sí, yálà òkè, àárín tàbí ìsàlẹ̀. *Ariwo* ni ìró tí a kò pè. Ṣaworo ìyáàlù ń ró wooro, síbẹ̀ kì í ṣe ariwo, nítorí onílù ló fọwọ́ ara rẹ̀ so ó mọ́ ọn.

Ariwo àkọ́kọ́ lórí gìtá sítíìlì ni ti ẹ̀yìn irin. Bí a bá gbé irin lé okùn, apá ibi tí a ti ń ta á ló ń sọ ohùn tí a fẹ́, ṣùgbọ́n apá kejì, láàárín irin àti orí gìtá, ń gbọ̀n pẹ̀lú, ohùn tirẹ̀ kì í sì í sábà bá orin mu. Atojúbọ̀ ni. Àwọn ìka ọwọ́ òsì tó wà lẹ́yìn irin ni onígìtá ń tẹ́ sórí okùn láti fi pa á lẹ́nu mọ́. *Tẹ́* ni mo wí, mi ò ní *tẹ̀*. Ẹni tó tẹ́ ìka sórí okùn rọra fi lé e ni. Ẹni tó bá tẹ okùn ti fi agbára sí i, bóyá ló sì fi ní yí ohùn rẹ̀ padà.

Èkejì ni ti okùn tí a ti ta kọjá, tó ṣì ń han gooro nígbà tí orin ti dé orí okùn mìíràn. *Han gooro* jẹ́ ìyìn fún ohùn tó mọ́ tó sì ròkè, ṣùgbọ́n ohùn rere tó bọ́ sí àkókò ẹlòmíràn, ariwo ló dà. Ọ̀nà méjì ni àwọn onígìtá ń gbà pa á lẹ́nu mọ́. Àwọn kan ń fi ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún bo okùn. Àwọn mìíràn ń dá ìka tó wọ èékánná irin padà sórí okùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ta. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Ṣùgbọ́n kí pípa okùn lẹ́nu mọ́ náà mọ níwọ̀n: bí okùn bá dákẹ́ kí àsìkò rẹ̀ tó pé, orin á máa já lójú ọ̀nà.

Ẹ̀kẹta ni ti okùn ńlá tí wọ́n fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ wé lára. Bí irin bá ń kọjá lórí rẹ̀, á máa *ha* á. Ẹ má ṣe ní irin ń *họ* okùn: èékánná ní í họ ara, nǹkan líle ní í ha nǹkan líle. Kí ọwọ́ fúyẹ́ díẹ̀ nígbà tí irin bá ń rìn ni oògùn rẹ̀. Bó bá wá fúyẹ́ jù, okùn á máa gbọ̀n mọ́ irin, ariwo mìíràn á tún dé.

Èyí tó kẹ́yìn kì í ṣe ẹjọ́ ọwọ́ rárá. Iná mànàmáná ló ń wọ inú gìtá àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn, tí á máa *kùn* bí oyin.

Ibi tí ọ̀rọ̀-ìṣe ti là

"Bí a ṣe lè dínkù ariwo okùn": irú gbólóhùn yìí wọ́pọ̀ lóde òní, kò sì tọ̀nà. Ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là ni *dín kù*. Àárín rẹ̀ ni àbọ̀ ń jókòó sí: *dín ariwo okùn kù*. Bẹ́ẹ̀ náà ni *ba orin jẹ́*, kì í ṣe "bàjẹ́ orin." Bí kò bá sí àbọ̀, ó lè padà wà pọ̀: ariwo náà dín kù, orin náà bà jẹ́.

Ẹ wo bí *bà* ṣe di *ba* níwájú *orin*. Ọ̀rọ̀-ìṣe onísílébù kan tó jẹ́ olóhùn ìsàlẹ̀ máa ń gòkè sí ohùn àárín bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e: *fà á*, ṣùgbọ́n *fa ohùn*, *tẹ̀ ẹ́*, ṣùgbọ́n *tẹ okùn*. Ìdí nìyẹn tí "Ó ta gìtá" fi ní ìtumọ̀ méjì. Bó bá jẹ́ owó ló fi gbà, a ó ní *ó tà á*. Bó bá jẹ́ orin ló fi kọ, *ó ta á* ni.

Ẹ jẹ́ ká to ọ̀rọ̀ náà báyìí:

Má ṣe wí pé "pa ariwo okùn" bó o bá fẹ́ kó dákẹ́. Wí pé *pa okùn lẹ́nu mọ́*.

Má ṣe kọ "dínkù ariwo." Kọ *dín ariwo kù*.

Lo *dín kù* fún èyí tí kò lè tán pátápátá, irú èyí tí iná mànàmáná ń kùn. Lo *dá lẹ́kun* fún èyí tí ọwọ́ lè dènà kó tó bẹ̀rẹ̀, irú èyí tí irin ń ha. Fi *pa lẹ́nu mọ́* sílẹ̀ fún okùn tó ti ń sọ̀rọ̀ ná, nítorí a kì í pa ẹni tí kò tíì lanu lẹ́nu mọ́.