Ẹ̀kọ́ kẹrìnlá: Rírà ẹ̀rọ ohùn fún yàrá kékeré



Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ní tẹlifíṣọ̀n nílé. Tẹlifíṣọ̀n òde òní pẹlẹbẹ, àwòrán rẹ̀ sì mọ́ kedere. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kì í lágbára, nítorí kò sí àyè nínú rẹ̀ fún báfù tó tóbi. A ń wo fíìmù, a kò gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ. Ìdí nìyí tí àwọn ènìyàn fi ń dá èsúsú láti ra ẹ̀rọ tí ohùn rẹ̀ yí ilé ká. Owó kékeré kọ́ ni. Ẹni tó bá lè kàwé, tó sì lè ṣírò, kò ní í jẹ́ kí wọ́n rẹ́ òun jẹ. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ ọ.

1. Kí ni 2.1? Kí ni 5.1?

Lára páálí ẹ̀rọ náà, ẹ ó rí nọ́ńbà bíi 2.0, 2.1 tàbí 5.1. Nọ́ńbà tó ṣáájú àmì ìdánudúró ni iye báfù kéékèèké. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ni iye báfù ńlá, èyí tó ń gbé ohùn tó wúwo jáde, bí ohùn ìyá ìlù. Nítorí náà, 2.1 jẹ́ báfù mẹ́ta. 5.1 jẹ́ báfù mẹ́fà.

Nínú 5.1, báfù kọ̀ọ̀kan ló ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ọ̀kan wà lápá òsì tẹlifíṣọ̀n, ọ̀kan wà lápá ọ̀tún. Ọ̀kan wà láàárín: òun ló ń gbé ọ̀rọ̀ ẹnu jáde jù lọ. Méjì tó kù wà ní ẹ̀gbẹ́ wa, sẹ́yìn díẹ̀. Bí òjò bá ń rọ̀ nínú fíìmù, àwọn méjì yìí ló ń mú un dà bí ẹni pé òjò náà ń rọ̀ lẹ́yìn wa.

Ní ọdún 1992 ni àwọn ilé sinimá ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí lo ohùn 5.1 tí wọ́n ń pè ní Dolby Digital. Ilé sinimá tóbi. Yàrá tiwa ńkọ́?

2. Ẹ kọ́kọ́ wọn yàrá yín

Àwọn àgbà ní: ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Kí ẹ tó lọ sọ́jà, ẹ mú okùn ìwọ̀n àwọn aránṣọ. Ẹ wọn yàrá náà. Ẹ wo ibi tí àga wà. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé.

Bí àga yín bá fi ẹ̀yìn ti ògiri, kò sí àyè fún báfù lẹ́yìn. Ẹ lè gbé báfù méjì náà kọ́ ògiri ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n ga ju etí ẹni tó jókòó lọ díẹ̀. Bí ilẹ̀kùn tàbí bẹ́ẹ̀dì bá ti gba ẹ̀gbẹ́ náà, ẹ má ra 5.1. Ẹ ra 2.1 tó dára. Ẹ rò ó wò: bí a bá pín owó kékeré sí báfù mẹ́fà, báfù kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́ gbàrọgùdù. Bí a bá pín owó kan náà sí mẹ́ta, èyí tó dára lè jáde nínú rẹ̀.

Ẹ má ṣe gbé báfù ńlá sí kọ̀rọ̀ yàrá. Ní kọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ á pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n á máa kù bí àgbá, á sì bo ọ̀rọ̀ ẹnu mọ́lẹ̀. Ẹ máa sún un díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa gbọ́, títí yóò fi dára létí yín.

Ògiri àti ilẹ̀ sìmẹ́ńtì máa ń dá ohùn padà. Ẹ ta aṣọ tó nípọn sí fèrèsé, kí ẹ sì tẹ́ ẹní tàbí kápẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Èyí kò wọ́n, ó sì ń mú kí ọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́tí.

3. Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà ńlá tàn yín

Wáàtì ni a fi ń wọn agbára ẹ̀rọ. Lára páálí mìíràn, wọ́n á kọ 5000 W PMPO gàdàgbà gadagba. Ẹ má wo PMPO rárá. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ RMS sí. RMS ni agbára tí ẹ̀rọ náà lè máa lò láìdúró.

Ẹ tún yí ẹ̀rọ náà padà, kí ẹ ka ìwé kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ìwé náà bá sọ pé 60 W ni iná tí ẹ̀rọ ń jẹ, báwo ló ṣe lè máa pèsè 5000 W? Ohun tí kò wọlé kò lè jáde.

Ẹ mọ èyí pẹ̀lú: ohùn 100 W kò ju ohùn 50 W lọ ní ìlọ́po méjì. Kí ohùn tó lè dà bí ìlọ́po méjì létí wa, agbára ẹ̀rọ ní láti tó bí ìlọ́po mẹ́wàá. Fún yàrá kékeré, 30 W sí 50 W RMS ti tó, ó tilẹ̀ ṣẹ́ kù.

4. Nígbà tí ẹ bá dé ìsọ̀

Iná wa ní Benin àti Togo jẹ́ 220 V, 50 Hz. Bí ẹ̀rọ bá sọ pé 110 V tàbí 120 V nìkan ni òun ń gbà, ẹ fi sílẹ̀. Bí ẹ bá kì í bọ iná wa, yóò jó.

Ẹ ti wo ihò tó wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n yín láti ilé: HDMI ARC, OPTICAL tàbí AUX. Ẹ̀rọ tí ẹ ń rà gbọ́dọ̀ ní irú rẹ̀. Okùn AUX kan ṣoṣo, ohùn méjì péré ló ń gbé. Bí ẹ bá fi í so ẹ̀rọ 5.1, báfù márùn-ún kò ní í rí ohùn tirẹ̀ gbà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Oníṣòwò á fẹ́ fi ìlù dán an wò fún yín. Ẹ sọ fún un pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹnu dán an wò, ohùn ọkùnrin àti ti obìnrin, kí ohùn náà rọlẹ̀." Lẹ́yìn náà, ẹ ní kó gbé e sókè. Bí báfù bá ń gbọ̀n tàbí tó ń ha, ẹ má rà á.

Ẹ gba ìwé ọjà. Ẹ kà á kí ẹ tó sanwó: ọjọ́, orúkọ ẹ̀rọ, iye owó, àti àkókò tí wọ́n á fi tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ bó bá bàjẹ́.

5. Etí wa àti aládùúgbò wa

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àgbàlagbà lè gbọ́ ohùn tó jẹ́ dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 80 fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó léwu. Bí ẹ bá ní láti pariwo kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín tó gbọ́ yín, ohùn náà ti pọ̀ jù. Ariwo tó ba etí jẹ́ kò ní oògùn tó lè dá a padà. Ohùn tó wúwo a máa la ògiri kọjá. Ẹ tẹ́ fóòmù sábẹ́ báfù ńlá, kí ẹ sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ lóru, nítorí ọmọ ọwọ́ ń sùn lẹ́yìn ògiri.

Ìṣirò

Ẹ̀rọ kan ń jẹ 50 W. Wọ́n ń lò ó fún wákàtí 4 lójoojúmọ́, fún ọjọ́ 30.
50 × 4 × 30 = 6000. A pín in sí 1000: ó jẹ́ 6 kWh.
Ẹ wo ìwé iná yín, kí ẹ fi iye owó 1 kWh sọ ọ́ di púpọ̀. Èló ni?

Ìbéèrè

1. Báfù mélòó ló wà nínú 5.1? Kí ni iṣẹ́ èyí tó wà láàárín?
2. Ta ni kò yẹ kó ra 5.1? Kí ló fà á?
3. Nínú RMS àti PMPO, èwo ni ká gbẹ́kẹ̀ lé?
4. Ẹ kọ ohun mẹ́rin tí ó yẹ kó wà nínú ìwé ọjà.