Ọ̀bàrà Méjì àti Ìnáwó Ilé

Ọ̀bàrà Méjì ni ẹ̀kọ́ tòní dá lé, nítorí ọ̀rọ̀ kan tí mò ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn tó ń wá dáfá: owó ò ká ilé mọ́.

Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ní Ọjà'ba wá sọ́dọ̀ mi (mo gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀ kí n tó kọ èyí). Ó fi owó kan ẹnu, ó sọ tinú ẹ̀ sí i kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí a ti ń ṣe, ó sì gbé e sílẹ̀. Mo da ọ̀pẹ̀lẹ̀, Ọ̀bàrà Méjì ló yọ. Ó ní kí n bá òun bi Ifá bóyá ayé ló ń kó òun lówó lọ. A dìbò, ẹyọ owó àti egungun. Ifá ní kì í ṣe ọwọ́ ayé.

Ìgbà yẹn ló wá jẹ́wọ́. Ó ti yá gbọ́mú-lé-lántà níbi méjì, ó sì fi owó àjọ san díẹ̀ nínú ẹ̀. Ọkọ ẹ̀, tó ń fi Máíkírà kó èrò ní Bẹẹrẹ, ò mọ nǹkan kan. Tí wọ́n bá ti kanlẹ̀kùn, àyà ẹ̀ á já.

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ìtàn tí àwọn bàbá wa máa ń sọ lábẹ́ Odù yìí. Àwọn Odù yòókù lọ kí Olófin. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, Olófin fún wọn ní elégédé. Inú bí wọn. Àwọn àgbà bí àwọn, elégédé! Ebi ń pa wọ́n dé ilé Ọ̀bàrà, tálákà àárín wọn. Ó fi ìwọ̀nba tó wà nílé ṣe wọ́n lálejò. Wọ́n yó tán, wọ́n kó elégédé tí wọn ò fẹ́ fún un. Nígbà tí oúnjẹ tán nílé Ọ̀bàrà, ó la elégédé. Ọrọ̀ ló kún inú ẹ̀.

Ẹlòmíì á ní Ifá ń ṣèlérí owó òjijì. Rárá o. Gbogbo wọn ló gba elégédé, ẹni tó là á nìkan ló mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Ojú ló ti àwọn tó kù láti gbé e wọlé. Elégédé ilé tiwa ni ìṣirò tí a ò fẹ́ là wò.

Èmi tí mo ka ìtàn ní yunifásítì mọ̀ pé ẹ̀bi ìyá yìí nìkan kọ́. Láyé owó ẹyọ, ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000 ẹyọ. Láti bí ọdún 1845, àwọn oníṣòwò Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹyọ láti Zanzibar wá sí etíkun wa. Ẹyọ pọ̀ jù lọ́jà, agbára ẹ̀ sì lọ sílẹ̀. Ẹni tó fi ọ̀kẹ́ pa mọ́ sílé ò ṣe àṣìṣe kankan, síbẹ̀ kò rà á bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Tiwa náà rèé. Ní 29 oṣù Karùn-ún 2023, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Lítà bẹntiróòlù tí kò tó 200 náírà di bí 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá 2024, ó ti dé bí 1,000. Epo yìí náà ni ọkọ̀ ń mu kí èlùbọ́ tó ti Òkè-Ògùn dé Ọjà'ba. Àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ ní ní oṣù Kẹfà 2024, iye owó oúnjẹ fi 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Wọ́n sọ owó oṣù tó kéré jù di 70,000 náírà láti 30,000, àmọ́ ta ni ń san ìyẹn fún alélùbọ́?

Ọ̀wọ́n ọjà ò sí lọ́wọ́ wa. Gbèsè tí a fi pa mọ́ ló wà lọ́wọ́ wa.

Mo ní kó má lọ yáwó ẹbọ. Elégédé kan, obì àti omi tútù la fi rú u. Mo wá ní kóun àti ọkọ ẹ̀ jókòó, kí wọ́n kọ gbogbo gbèsè sílẹ̀, pẹ̀lú ohun tó ń wọlé àti ohun tó ń jáde lójúmọ́. Kó má yá tuntun san ògbólógbòó. Kó lọ bẹ àwọn tó yá a lówó kí ọjọ́ tó pé, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá pé. Kóun àti aládùúgbò da owó ra àpò gaàrí, kí wọ́n pín in.

Ó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ọkọ bínú, kò sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta, òun náà jẹ́wọ́ pé òun jẹ mẹkáníìkì lówó. Gbèsè ò tíì tán o, ṣùgbọ́n ó ní òun ti ń rí oorun sùn.

Ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ohun tí ìyá yìí sọ sí owó létí, ọkọ ẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́. Ìwọ náà, wá ẹnì kan tó o fọkàn tán nínú ilé, kẹ́ ẹ jọ la elégédé yẹn.

Ifá ò ní jẹ́ kójú tì wá. Àbọrú àbọyè.