“Mo Ba Léèsì Oníbàárà Mi Jẹ́, Mi Ò sì Lè Dárí Ji Ara Mi”

Télọ̀ ni mí ní Ìbàdàn, mo ní ọmọṣẹ́ mẹ́rin. Lóṣù Kejìlá tó kọjá, màmá kan tó fẹ́ fọmọ fọ́kọ gbé léèsì olówó gọbọi wá bá mi. Alẹ́ ni mo gé e, nígbà tí iṣẹ́ ọdún ti wọ̀ mí lọ́rùn. Ìwọ̀n ẹlòmíì ni mo kà nínú ìwé, bùbá náà kò sì gba màmá láyà. Mo fowó ara mi ra léèsì míì, mo rán an, wọ́n wọ̀ ọ́ lọ sóde. Màmá yẹn ti gbé aṣọ ọdún Àjíǹde wá fún mi lẹ́yìn ìgbà náà. Ṣùgbọ́n èmi ò tíì bọ́ nínú ẹ̀. Bí mo bá mú àlùmọ́gàjí báyìí, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n. Mo máa ń sọ fún ara mi pé, “Olódo! Aláìnírònú!” Bí ẹ̀wà bá jóná nílé, èébú yẹn náà ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọṣẹ́ mi kan fi áyọ́ọ̀nù jó apá aṣọ. Mo ní kó má sunkún, mo kọ́ ọ bó ṣe máa tẹ́ aṣọ míì lé e kó tó lọ̀ ọ́. Ọkọ mi ní kí n máa ṣe ara mi jẹ́jẹ́. Àmọ́ bí mo bá ń kẹ́ ara mi, ṣé mi ò ní di ọ̀lẹ?
— Télọ̀, Ìbàdàn

Arábìnrin mi, ẹ kú ìdààmú ọkàn. Ọ̀rọ̀ apá aṣọ tó jóná yẹn ló mú mi lọ́kàn jù nínú lẹ́tà yín. Ẹ kò bú ọmọ náà, ẹ kò sì díbọ́n pé aṣọ kò jóná. Ẹ rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ẹ wá kọ́ ọ níṣẹ́. Ká ní olódo lẹ pè é ńkọ́, tí ẹ sì ń pè é bẹ́ẹ̀ láràárọ̀ láti oṣù Kejìlá títí di òní, ṣé ọwọ́ rẹ̀ á tún balẹ̀ nídìí áyọ́ọ̀nù? Ọwọ́ yín tó ń gbọ̀n nídìí àlùmọ́gàjí, èébú ojoojúmọ́ ló ń gbọ̀n ọ́n, kì í ṣe léèsì tó bàjẹ́.

Àwọn àgbà wa kò ní ká má bá ọmọ wí. Wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, ká fi tòsì fà á mọ́ra. Ẹ ti fi ọ̀tún na ara yín tó. Tòsì ni kò tíì ṣe nǹkan kan.

Ká ní ẹ gbé bùbá tó kéré yẹn fún màmá náà tí ẹ ní òun ló sanra, tàbí tí ẹ di ẹ̀bi ru ọmọṣẹ́, ọ̀rọ̀ míì ni mi ò bá bá yín sọ. Ẹ kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́wọ́, ẹ sì san án.

Ọ̀mọ̀wé Kristin Neff, olùkọ́ ní Yunifásítì Texas nílùú Austin ní Amẹ́ríkà, ti ń kọ̀wé lórí bí èèyàn ṣe ń ṣàánú ara rẹ̀ láti ọdún 2003. Ohun mẹ́ta ló ní ó wà nínú ṣíṣàánú ara ẹni: kéèyàn máa fi ohùn jẹ́jẹ́ bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, kó rántí pé gbogbo ọmọ aráyé ló ń ṣàṣìṣe, kó sì wo ohun tó ṣẹlẹ̀ bó ṣe rí gan-an, láìbò ó mọ́lẹ̀, láìsọ ọ́ di ńlá. Ní ti ìkejì, ẹ kàn béèrè ní ìpàdé ẹgbẹ́ télọ̀ yín pé ta ni kò ba aṣọ jẹ́ rí. Ìkẹta ni mo rí i pé ó le fún yín. Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an? Obìnrin tó ti rẹ̀ ka ìwọ̀n ẹlòmíì lóru, ó sì tún un ṣe. Kò sí “olódo” níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ fi kún un.

Ẹ bi mí bóyá ẹ ó di ọ̀lẹ. Ìbẹ̀rù yìí ń bá ọ̀pọ̀ wa jà, pàápàá àwa tí wọ́n fi pàṣán kọ́ níṣẹ́. Lọ́dún 2012, Juliana Breines àti Serena Chen, ti Yunifásítì California ní Berkeley, tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìdánwò tó le. Wọ́n sọ fún apá kan pé irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ máa ń nira fún ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n má fìyà jẹ ara wọn. Wọ́n yin apá kejì pé orí wọn pé. Wọn kò sọ nǹkan kan fún apá kẹta. Nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo wọn múra sílẹ̀ fún ìdánwò míì, àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n ṣàánú ara wọn ló jókòó ti ìwé pẹ́ jù. Ìyìn gan-an kò ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Kò yà mí lẹ́nu. Ẹni tó ń bẹ̀rù èébú kì í fẹ́ padà wo ibi tó ti ṣubú. Lẹ́tà yín kún fún èébú, ṣùgbọ́n ẹ kò sọ ohun tí ẹ ti ṣe sí ìwé ìwọ̀n yín. Ṣé ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò látìgbà yẹn? Ṣé oníbàárà méjì ń jọ wà lójú ewé kan náà? Ẹ fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní ewé tirẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sókè. Kí ọmọṣẹ́ kan máa ka ìwọ̀n sókè kí ẹ tó gé. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú tí ara sì rẹ̀ yín, léèsì á dúró di àárọ̀. Ẹni tó ń tún ọ̀nà iṣẹ́ rẹ̀ ṣe báyìí kì í ṣe ọ̀lẹ.

Nílé náà, bí ẹ̀wà bá tún jóná, kí èébú tó dé ẹnu yín, ẹ fi oríkì yín pe ara yín: Àbẹ̀kẹ́ ni o, Àjọkẹ́ ni o, bí ìyá yín ṣe ń pè yín. “Pẹ̀lẹ́, Àbẹ̀kẹ́. Ó ti rẹ̀ ọ́. Bu omi sí ìkòkò yẹn.” Ethan Kross, olùkọ́ ní Yunifásítì Michigan, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ṣèwádìí fi hàn lọ́dún 2014 pé ẹni tó bá fi orúkọ pe ara rẹ̀ bí ó ṣe ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ máa ń fara balẹ̀ ju ẹni tó ń sọ “èmi, èmi” lọ. Ojú lè kọ́kọ́ tì yín. Ẹ ṣe é nínú ọkàn, kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni gbọ́.

Ó ku ohun kan tí mi ò fẹ́ kí ẹ fi jáfara. Bí oorun bá ń dá yín lójú, tí oúnjẹ kò wù yín, tí inú yín kì í dùn sí ohunkóhun fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lọ rí dókítà. Bó bá jẹ́ pé ikú ló ń wá sọ́kàn, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ, kí ọkọ yín sìn yín. Ilé ìwòsàn UCH wà nítòsí yín, wọ́n sì ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú irú àárẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò dìgbà tí èèyàn bá já sọ́jà kó tó lọ bá wọn. Bí wọ́n bá béèrè ohun tó gbé yín wá, ẹ sọ ọ́ fún wọn bí ẹ ṣe sọ ọ́ fún mi.