Àánú Onígbàgbọ́ àti Ojúṣe Ìjọba: Àgbéyẹ̀wò Ìtọ́jú Aláìní ní Ìlọrin àti Ilẹ̀ Yorùbá

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ìbéèrè kan tí ó ti pẹ́ láwùjọ: ọrùn ta ni ìtọ́jú aláìní wà? Ṣé ọrùn ìjọ ni, ṣé ọrùn ọlọ́lá ni, àbí ọrùn ìjọba? A mú àpẹẹrẹ láti àdúgbò GRA ní Ìlọrin, láti Ògbómọ̀ṣọ́, Iléṣà àti Ìmẹ̀sí-Ilé. A sì fi ìmọ̀ gírámà wo ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin àánú àti ẹ̀tọ́. Èrò wa ni pé àánú ni ó máa ń kọ́kọ́ rí aláìní, ṣùgbọ́n òfin ni kì í jẹ́ kí a gbàgbé rẹ̀. Ìkíní kò lè dípò ìkejì. A parí iṣẹ́ náà pẹ̀lú ìmọ̀ràn fún olùkọ́ èdè Yorùbá.

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní í jẹ́ kí a sùn lóru. Òwe yìí fi hàn pé ní ojú Yorùbá, ìṣòro ẹnì kan kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ ẹni tí yóò dìde lóru láti tọ́jú ẹni tí ó ń ṣàìsàn, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ ẹni tí yóò san owó oògùn.

Lóde òní, oníwàásù a máa sọ pé ìjọba ti já aláìní kulẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba náà a sì máa sọ pé kí ìjọ àti àwọn ọlọ́lá ran ìjọba lọ́wọ́. Láàrin àwọn méjèèjì ni opó tí kò rí oúnjẹ alẹ́ wà. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà fi yẹ ní ohun tí a ń gbé yẹ̀ wò létòlétò.

Ìran-ara-ẹni-lọ́wọ́ láyé àtijọ́

Kí ẹ̀sìn Kírísítì tó dé, Yorùbá ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ran ara wọn lọ́wọ́. Àáró, ọ̀wẹ̀, àjọ àti èésú wà lára wọn. Nínú àáró, àwọn ẹgbẹ́ á jọ ṣiṣẹ́ lóko ẹnì kan lónìí, wọn á lọ sí oko ẹlòmíràn lọ́la. Nínú èésú, olúkúlùkù á dá owó, wọn á sì máa kó o ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan títí yóò fi kárí.

Àwọn olùkọ́ sábà máa ń yin àṣà wọ̀nyí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a kíyè sí ohun kan. Ẹni tí ó ní agbára ni ó lè ṣe àáró, ẹni tí ó ní owó ni ó lè dá èésú. Arúgbó tí kò lè di ọkọ́ mú, abirùn, àti opó tí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ kò lè san án padà, nítorí náà wọn kò sí nínú ẹgbẹ́. Ẹbí ni ààbò wọn. Nígbà tí àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í fi abúlé sílẹ̀ lọ sí ìlú ńlá, tí owó oṣù sì dípò oko àjùmọ̀ni, odi ààbò yìí bẹ̀rẹ̀ sí í lanu. Inú àlàfo yìí ni ìjọ àti ìjọba bọ́ sí.

Ẹ̀kọ́ Onígbàgbọ́ lórí aláìní

Àkàwé ará Samáríà ni ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ máa ń kọ́kọ́ rántí bí a bá dárúkọ àánú. Ọkùnrin yìí rí ẹni tí ó fara gbọgbẹ́, ó tọ́jú rẹ̀, ó sì san owó ilé èrò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yà wọn kò bá ara wọn ṣe. Ohun tí àkàwé náà tẹnu mọ́ ni pé àánú kì í béèrè ibi tí ẹni tí ìyà ń jẹ ti wá.

Ṣùgbọ́n Bíbélì kò fi ọ̀rọ̀ aláìní mọ sí ọkàn rere nìkan. Òfin tí ó wà nínú ìwé Léfítíkù orí 19 pàṣẹ fún olóko pé kò gbọdọ̀ kórè oko rẹ̀ dé igun. Ti tálákà àti àlejò ni ìyókù. Òfin yìí ni ó fún Rúùtù láyè láti pèéṣẹ́ ọkà ní oko Bóásì. Inú rere Bóásì pọ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ Rúùtù láti wọ oko ti wà kí ó tó pàdé rẹ̀.

Bákan náà, ìwé Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 6 sọ pé nígbà tí àwọn kan ráhùn pé wọ́n ń fo àwọn opó wọn nínú ìpín oúnjẹ ojoojúmọ́, ìjọ yan ọkùnrin méje láti mójú tó o. A lè rí i níbẹ̀ pé nínú ìjọ àkọ́kọ́ pàápàá, ìfẹ́ nìkan kò tó láti mú kí oúnjẹ kárí. Ó gba ètò, ó gba ẹni tí a lè bi léèrè.

Láti ọwọ́ ìjọ dé ọwọ́ ìjọba

Ìtàn ilé-ìwòsàn ní ilẹ̀ Yorùbá fi ẹ̀kọ́ yìí hàn kedere. Ní ọdún 1907 ni Dókítà George Green, míṣọ́nnárì ìjọ Onítẹ̀bọmi, dé sí Ògbómọ̀ṣọ́, tí iṣẹ́ ìwòsàn sì fìdí múlẹ̀ níbẹ̀. Ilé-ìwòsàn náà ṣì wà lọ́wọ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi. Ní ọdún 2009 ni ó di ilé-ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Bowen. Ní Iléṣà, ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni ó dá ilé-ìwòsàn Wesley Guild sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ní ọdún 1975, ó bọ́ sọ́wọ́ ìjọba, ó sì di ara àwọn ilé-ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Ifẹ̀.

Ọ̀dọ̀ Wesley Guild yìí ni Dókítà David Morley, oníṣègùn ọmọdé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá ní ọdún 1956. Ó ṣe àkíyèsí pé ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ń kú kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún nítorí àìsàn tí a lè dènà: ìgbẹ́ gbuuru, èéyi, ibà àti àìjẹunrekánú. Kò jókòó sí Iléṣà kí ó máa retí kí wọ́n gbé ọmọ tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú wá. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ó dá kílíníìkì fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ibẹ̀. Wọ́n ń wọn ọmọ, wọ́n ń sàmì ìwọ̀n rẹ̀ sórí káàdì, ìyá ọmọ ni ó sì ń tọ́jú káàdì náà sílé. Bí ìlà orí káàdì bá ti ń wálẹ̀, ìyá àti nọ́ọ̀sì á ti mọ̀ kí àìsàn tó wọ̀ ọ́ lára. Káàdì yìí àti irú rẹ̀ ti di ohun tí ìjọba ń lò ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè lágbàáyé.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà nínú èyí. Èkíní, ìjọ lè dán ohun tuntun wò ní ìlú kékeré kan kí ìjọba tó mọ̀ pé ó ṣeé ṣe. Èkejì, ìjọ kò lè gbé e dé gbogbo ìletò fúnra rẹ̀. Ìjọba nìkan ni ó ní agbára láti gba owó orí lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, kí ó sì fi ṣe ohun tí yóò kárí.

Gbígba owó orí náà kò rọrùn. Nígbà tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń múra sí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ àti ìwòsàn ọ̀fẹ́ fún ọmọdé, wọ́n bu owó orí kan fún aráàlú, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì bínú sí i. Ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group fìdí rẹmi ní ẹkùn náà nínú ìdìbò àpapọ̀ ọdún 1954. Síbẹ̀, ní oṣù Kìíní ọdún 1955, ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà sì wọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn ìjọ ti dá sílẹ̀. Ìjọba àti ìjọ jọ ru ẹrù yẹn ni.

Ṣùgbọ́n ìjùmọ̀ru náà a máa dá ìjà sílẹ̀ bí a kò bá sọ ẹni tí ó ni ẹrù. Ìlọrin rí èyí ní oṣù Kejì ọdún 2021, nígbà tí awuyewuye lórí híjáàbù mú kí ìjọba ìpínlẹ̀ Kwara ti ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́wàá pa fún ìgbà díẹ̀. Bishop Smith, St. Anthony àti Surulere Baptist wà lára wọn. Àwọn ìjọ ní àwọn ni àwọn dá ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀. Ìjọba ní owó ìlú ni a fi ń gbé wọn ró, ilé-ẹjọ́ sì ti sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. A kò fẹ́ dá ẹjọ́ náà níhìn-ín. Ohun tí a fẹ́ kí a rí ni pé ohun tí àánú bẹ̀rẹ̀, tí owó ìlú sì gbà ṣe, kò lè wà láìní àdéhùn tí ó yé gbogbo ènìyàn.

Ilé Arúgbó àti Owó Arúgbó

Ní àdúgbò GRA ní Ìlọrin, ní òpópónà Ìlọ́fà, ilé kan wà tí àwọn ènìyàn ń pè ní Ilé Arúgbó. Ibẹ̀ ni Dókítà Olúṣọlá Sàràkí, tí ó jẹ́ aṣíwájú ọmọ ẹgbẹ́ tó pọ̀ jù ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà láti ọdún 1979 sí 1983, ti máa ń gba àwọn arúgbó lálejò, tí wọ́n ń rí oúnjẹ àti owó gbà. Mùsùlùmí ni Dókítà Sàràkí. Bí onígbàgbọ́ ṣe ń sọ̀rọ̀ àánú náà ni Mùsùlùmí ń sọ̀rọ̀ sàráà àti sàká, ọ̀rọ̀ méjì tí èdè Yorùbá yá láti inú èdè Lárúbáwá. Dókítà Sàràkí kú ní ọdún 2012, ṣùgbọ́n àwọn arúgbó kò yé wá síbẹ̀.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kìíní ọdún 2020, ìjọba ìpínlẹ̀ wó ilé náà. Ìjọba ní ilẹ̀ ìlú ni, wọn kò sì gbà á lọ́nà tí ó bófin mu. Ẹbí Sàràkí ní wọ́n gbà á lọ́nà tí ó tọ́. Láìpẹ́ lẹ́yìn náà, ìjọba dá ètò ìrànlọ́wọ́ aráàlú tí a mọ̀ sí KWASSIP sílẹ̀, ọ̀kan nínú ẹ̀ka rẹ̀ sì ni Owó Arúgbó, èyí tí a ń san fún àwọn arúgbó tí kò ní.

Ẹni tí ó bá fẹ́ràn ìhà kan lè yin Ilé Arúgbó, ẹlòmíràn lè yin Owó Arúgbó. Àwa ń béèrè ìbéèrè kan náà lórí àwọn méjèèjì: bí olóore bá kú, tàbí bí gómìnà bá yí padà, ǹjẹ́ ìyá arúgbó yóò ṣì jẹun? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, oore ni ó gbà, kò tíì gba ẹ̀tọ́.

Gírámà àánú àti gírámà ẹ̀tọ́

Èdè fúnra rẹ̀ fi ìyàtọ̀ yìí hàn. Ẹ jẹ́ kí a wo gbólóhùn méjì:

(1) Ìjọba ran arúgbó lọ́wọ́.
(2) Arúgbó gba ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Nínú (1), ìjọba ni olùwà, arúgbó sì jẹ́ àbọ̀. Òun ni a ṣe nǹkan fún. Nínú (2), arúgbó ti di olùwà. Owó tí ó wọ ọwọ́ rẹ̀ lè jẹ́ iye kan náà, ṣùgbọ́n ipò rẹ̀ nínú gbólóhùn ti yí padà, ipò rẹ̀ láwùjọ sì lè yí padà pẹ̀lú.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àpólà orúkọ "Ilé Arúgbó" àti "Owó Arúgbó". Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀-orúkọ kejì ń yán èkíní. Irú ìyán báyìí lè túmọ̀ sí "èyí tí arúgbó ni", ó sì lè túmọ̀ sí "èyí tí a yà sọ́tọ̀ fún arúgbó". Gbogbo àríyànjiyàn lórí ìtọ́jú aláìní wà láàrin ìtumọ̀ méjì yìí.

Ohun tí òfin sọ

Òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 14, sọ pé ààbò àti ìgbáyégbádùn aráàlú ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ ìjọba. Abala 16 mẹ́nu ba ilé, oúnjẹ, ìtọ́jú arúgbó, owó ìfẹ̀yìntì àti ìtọ́jú àwọn abirùn. Abala 17 sọ̀rọ̀ ìrànlọ́wọ́ ìlú fún ẹni tí ó wà nínú àìní. Àmọ́ abala 6 kò jẹ́ kí ilé-ẹjọ́ gbọ́ ẹjọ́ lórí orí kejì òfin náà, níbi tí àwọn abala wọ̀nyí wà. Ìlérí ni, ṣùgbọ́n ìyá arúgbó kò lè pe ìjọba lẹ́jọ́ lórí rẹ̀. Níbí ni ohùn onígbàgbọ́ ti wúlò ju oúnjẹ tí ó ń pín lọ. Ẹni tí ó ń fún opó ní ìrẹsì nígbà Kérésìmesì lè bá a béèrè pẹ̀lú pé kí ìlérí di òfin tí ó ní eyín.

Ìwúlò fún olùkọ́ èdè Yorùbá

Àṣà ìran-ara-ẹni-lọ́wọ́ wà nínú iṣẹ́ tí a ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. A dábàá pé kí olùkọ́ má ṣe dúró lórí dídárúkọ àáró, ọ̀wẹ̀ àti èésú. Kí ó bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé: ta ni kò lè wọ inú ẹgbẹ́ yìí, kí sì ni a ń ṣe fún un? Kí ó jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá àwọn àgbà àdúgbò wọn lẹ́nu wò, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n gbọ́ sílẹ̀.

Fún gírámà, kí wọ́n kó gbólóhùn jọ láti inú ìròyìn orí rédíò lórí ìrànlọ́wọ́, kí wọ́n tọ́ka sí olùwà àti àbọ̀ inú wọn. Fún àròkọ alárìíyànjiyàn, àkọlé yìí dára: "Ìtọ́jú aláìní tọ́ sí ìjọba ju ìjọ lọ." Ní kíláàsì tí ọmọ Mùsùlùmí àti ti onígbàgbọ́ ti jókòó pọ̀, bí ó ti rí ní Ìlọrin, kí olùkọ́ rí i pé a kò fi ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé àṣà ìbílẹ̀ ran ẹni tí ó lè san án padà lọ́wọ́, ó sì fi àwọn tí kò lè san án sílẹ̀ fún ẹbí. A rí i pé ẹ̀kọ́ Kírísítì ní àánú nínú, ó sì ní òfin àti ètò nínú pẹ̀lú. Ìmẹ̀sí-Ilé fi hàn pé àánú tí ó ní ìmọ̀ lè kọ́ ìjọba lọ́gbọ́n. GRA ní Ìlọrin fi hàn pé ohun tí ó so mọ́ orúkọ ẹnì kan lè bá ẹni náà tàbí ìjọba kan lọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Kí ìjọ máa wá ẹni tí ojú ìjọba kò rí kàn, kí ìjọba sì máa san ohun tí apá ìjọ kò ká. Kí a sì jọ ṣe é títí tí arúgbó yóò fi lè sọ pé ohun tí òun gbà, tòun ni.